Pírìntà ilé: ibo gan-an ni owó ń gbà jò?

Òǹbéèrè

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnìkan ní kí n ra pírìntà tí owó rẹ̀ kéré jù lọ lọ́jà, kí n máa wá kátíríìjì pọ́ọ́kú fi sí i. Ẹlòmíràn ní ẹ̀tàn nìyẹn, pé oní-táńkì nìkan ló ń dá owó padà. Ẹnì kẹta fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ohun tó tó lésà. Àwọn tó ní kéèyàn kàn yí fọ́ǹtì padà náà ò gbẹ́yìn.

Ohun tí a fẹ́ máa tẹ̀ kò pọ̀: iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ, fọ́ọ̀mù, lẹ́tà, ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí íméèlì. Kò lè ju ojú ìwé 40 lọ lóṣù. Ọ̀sẹ̀ méjì lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan la máa nílò àwọ̀. Èwo ni ká rà, kí ló sì yẹ ká máa ṣe kí owó yíǹkì má bàa borí owó ẹ̀rọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn dárúkọ ẹ̀rọ kan, ẹ sọ ìdí rẹ̀.

* * *

Alátùnṣe

Ẹ gbé owó ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ojú ìwé 40 lóṣù jẹ́ 480 lọ́dún, 1,440 ní ọdún mẹ́ta. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ mú dání lọ sọ́jà.

Ẹ wo kátíríìjì dúdú HP 305: ojú ìwé 120 ni wọ́n kọ sí i. Èyí tó ní XL lẹ́yìn orúkọ, 240. Ẹ wá wo ìgò dúdú Epson 003 tí wọ́n ń bù sínú táńkì: mílílítà 65 ni, ojú ìwé 4,500 ni wọ́n kọ sí i. Ìgò kan ṣoṣo ń ṣe iṣẹ́ kátíríìjì kékeré 37 àti ààbọ̀. Ìdí nìyí tí pírìntà oníkátíríìjì fi pọ́ọ́kú, tí oní-táńkì sì wọ́n. Ẹni tó ta àkọ́kọ́ ṣì ń retí yín nídìí yíǹkì, ẹni tó ta ìkejì ti gba èrè tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ.

Ìṣirò tó yẹ ká ṣe kò le. Ẹ pín owó kátíríìjì tàbí ìgò sí iye ojú ìwé tó wà lára páálí rẹ̀. Ẹ ṣe ti dúdú lọ́tọ̀, ẹ ṣe ti àwọ̀ lọ́tọ̀. Ohun tó bá jáde, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1,440, kí ẹ wá ro owó ẹ̀rọ mọ́ ọn. Pẹ̀lú kátíríìjì kékeré yẹn, dúdú nìkan máa gba 12 ní ọdún mẹ́ta. Pẹ̀lú XL, 6. Bí owó XL kò bá tó ìlọ́po méjì owó kékeré, XL ló rọjú. Bí ó bá ju ìlọ́po méjì lọ, kékeré ni kí ẹ mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tilẹ̀ wò ó.

* * *

Akọ̀wé-Ilé

Ìṣirò yín tọ́, àmọ́ mi ò fara mọ́ nọ́ńbà tí ẹ gbé e lé. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe ohun tí ilé máa rí.

Ìlànà àgbáyé ISO/IEC 24711 ni wọ́n fi ń díwọ̀n kátíríìjì oníyíǹkì, ISO/IEC 19752 ni ti tónà dúdú, ohun tí lésà ń lò dípò yíǹkì. Wọ́n á to àwọn ojú ìwé ìdánwò sílẹ̀, wọ́n á máa tẹ̀ wọ́n láìdúró títí yíǹkì yóò fi tán. Ojú ìwé yẹn kò kún: nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ojú rẹ̀ ni yíǹkì bò, bíi lẹ́tà kúkúrú kan. Ìwé iṣẹ́ ọmọ tó ní àwòrán ńlá àti àlà dúdú yí ká lè tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìyẹn.

Èyí tó tún burú jù ni àìtẹ̀ ẹ́ déédéé. Gbogbo ìgbà tí pírìntà oníyíǹkì bá jí lẹ́yìn tó ti pẹ́ tó ti sùn, ó máa ń fọ orí ara rẹ̀, yíǹkì gidi ló sì ń fi fọ̀ ọ́. Ìdánwò ISO kì í ka ìyẹn, torí ẹ̀rọ inú ìdánwò kì í sùn. Ẹni tó ń tẹ ojú ìwé méjì lọ́sẹ̀ méjì lè lo kátíríìjì kan tán kó má rí iye ojú ìwé tí wọ́n ṣèlérí, kí kátíríìjì náà má sì ní àbùkù kankan. Yíǹkì náà ti lọ sínú fóòmù ìdọ̀tí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, “Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ lẹ máa tẹ̀ ẹ́?” Iye ojú ìwé ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń tẹ ojú ìwé 40 lọ́jọ́ kan ṣoṣo lóṣù àti ẹni tó ń tẹ méjì-méjì lójoojúmọ́ kò nílò ẹ̀rọ kan náà.

* * *

Alátùnṣe

Mo gbà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ yẹn náà ni lésà ti wọlé. Tónà kì í ṣe omi. Ìyẹ̀fun ike tó kúnná ni, wọ́n po dúdú mọ́ ọn; fuser tó gbóná tó nǹkan bí 200°C ló ń yọ́ ọ mọ́ ìwé. Ìyẹ̀fun kì í gbẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ojú ìwé àkọ́kọ́ tó máa jáde á dúdú bó ṣe yẹ, kò sì ní fi tónà kankan fọ nǹkan kan kó tó tẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń da àwọn tó ń ra lésà láàmú.

Ìkíní, tónà tó bá ẹ̀rọ wá nínú páálí sábà máa ń jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀, kò kún tó èyí tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀. Ẹ ka ìwé tó bá ẹ̀rọ wá kí ẹ mọ iye tó lè tẹ̀, kí ẹ sì fi owó tónà kejì kún ìṣirò yín láti ọjọ́ tí ẹ rà á.

Ìkejì ni dúrọ́ọ̀mù, òpó róbótó tó ń yí, tí àwòrán ń gbà dé orí ìwé. Nínú ọ̀pọ̀ HP kékeré, dúrọ́ọ̀mù àti tónà wà nínú kátíríìjì kan ṣoṣo. Bí tónà bá tán, gbogbo rẹ̀ lẹ máa sọ nù. Nínú ti Brother, ọ̀tọ̀ ni dúrọ́ọ̀mù, ọ̀tọ̀ ni tónà, dúrọ́ọ̀mù lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré sì ń tẹ nǹkan bí 12,000 ojú ìwé. Tónà nìkan lẹ ó máa pààrọ̀, ó sì yẹ kí owó rẹ̀ rẹlẹ̀ sí i. Àmọ́ bí ọjọ́ dúrọ́ọ̀mù bá pé, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀rọ tuntun. Fún ẹni tó ń tẹ 480 lọ́dún, ọjọ́ yẹn jìnnà gan-an.

Ìkẹta ni iná. Fuser yẹn máa ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá ń gbóná. Ẹ má ṣe so lésà mọ́ ẹ̀yìn UPS níbi tí bátìrì wà. Ara ògiri ni kí ẹ ti fún un níná.

* * *

Òǹbéèrè

Àwọ̀ wá ńkọ́? Lésà dúdú kò lè tẹ máàpù tàbí àwòrán ẹ̀yà ara tí wọ́n ní kí ọmọ kun.

* * *

Olùkọ́-Ìṣirò

Bí ọmọ bá máa kùn ún, dúdú ló dára jù fún un.

Fún ìyókù, ẹ ṣírò báyìí: ojú ìwé ìdánwò tí à ń sọ, ìdá 5 nínú 100 ni. Fọ́tò tó gba gbogbo ojú ìwé A4 lè bò ó pátápátá, àwọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta sì lè gun orí ara wọn. Fọ́tò kan ṣoṣo lè jẹ yíǹkì tí ogún lẹ́tà ì bá fi ṣe iṣẹ́, pẹ̀lú ìwé dídán tó wọ́n ju ìwé lásán lọ fíìfíì. Ibi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ló yẹ kí fọ́tò lọ. Bí ojú ìwé aláwọ̀ bá jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lóṣù, owó tí ẹ máa san fún ẹni tó ń tẹ̀wé fáwọn èèyàn kò lè tó owó kátíríìjì àwọ̀ tó máa gbẹ mọ́ yín lọ́wọ́.

Mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kéèyàn ra lésà aláwọ̀ sílé fún irú iṣẹ́ yìí. Tónà mẹ́rin ló ń jẹ, gbogbo wọn ló máa tán lọ́jọ́ kan, kò sì lè tẹ fọ́tò dáadáa bí oníyíǹkì ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

* * *

Akọ̀wé-Ilé

Ẹ má kọ oní-táńkì sílẹ̀ báyẹn o. Ilé tí ọmọ mẹ́ta wà, tí wọ́n ń tẹ nǹkan aláwọ̀ lójoojúmọ́, kò sí ohun tó lè bá ìgò yíǹkì dọ́gba lórí owó ojú ìwé kan. Àìlò ló ń pa á. Ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ tẹ ojú ìwé kan tó ní dúdú, búlúù, pupa àti yẹ́lò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tó. Kò pọn dandan kó jẹ́ àwòrán ńlá.

Ohun méjì kan wà tí ẹni tó ń ta oní-táńkì lè má sọ fún yín. Apá kan nínú yíǹkì ìgò àkọ́kọ́ máa lọ sínú àwọn rọ́bà tó so táńkì mọ́ orí ẹ̀rọ, torí náà ìgò àkọ́kọ́ kì í tẹ tó ìgò kejì. Èkejì, ẹ má jẹ́ kí yíǹkì lọ sísàlẹ̀ ìlà tó wà lára táńkì. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ rọ́bà, ẹ̀rọ máa ní láti fa yíǹkì tuntun gba gbogbo rẹ̀ kọjá kí afẹ́fẹ́ tó jáde, yíǹkì tó ń lọ síbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Nínú ọ̀ràn ẹni tó béèrè yìí, ìgò dúdú 4,500 máa lò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ. Yíǹkì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú táńkì. Ẹ máa sanwó fún ohun tí ẹ kò ní lò.

* * *

Ọ̀dọ́-Ayàwòrán

Kí ni ẹ rí sí ti fọ́ǹtì? Gbogbo ibi ni wọ́n ti ń sọ pé kéèyàn lo Century Gothic tàbí Garamond, pé ìdá 30 nínú 100 yíǹkì ló ń dín kù.

* * *

Olùkọ́-Ìṣirò

Ibi tí ìdá 30 yẹn ti wá nìyí: ní 2010, Yunifásítì Wisconsin-Green Bay ní Amẹ́ríkà yí fọ́ǹtì íméèlì wọn kúrò ní Arial sí Century Gothic, wọ́n ní Century Gothic ń lo yíǹkì tó fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 dín. Òótọ́ ni pé ìlà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Àmọ́ lẹ́tà rẹ̀ fẹ̀. Ìwé tó jẹ́ ojú ewé kan ní Arial lè ṣẹ́ ìlà mẹ́ta sí ojú ewé kejì, ẹ sì ti lo ìwé kan sí i.

Ti Garamond jáde ní 2014, látọ̀dọ̀ ọmọ ilé ìwé kan ní Amẹ́ríkà náà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ fọ́ǹtì fèsì pé lẹ́tà kékeré Garamond kúrú ju ti fọ́ǹtì mìíràn lọ bí nọ́ńbà ìwọ̀n wọn tilẹ̀ dọ́gba. Garamond 12 rí bíi Times tí wọ́n dín kù. Ẹ dín Times kù sí 11 tàbí 10½, ẹ máa rí púpọ̀ nínú èrè yẹn láìyí fọ́ǹtì kankan.

Ẹni tó ń fi lésà tẹ ojú ìwé 40 lóṣù kò ní rí ìyàtọ̀ fọ́ǹtì nínú àpò rẹ̀. Ohun tó lágbára ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kéèyàn tẹ ojú ìwé méjì sórí ìwé kan. Nínú fèrèsé Print, ẹ wá “Pages per sheet”, ẹ yan 2. Lẹ́tà máa dín kù sí ìdá 71 nínú 100: 12 di nǹkan bí 8½, ojú ṣì lè kà á. Nítorí pé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ti dín kù sí ìdajì, yíǹkì àti ìwé ló jọ ń lọ sí ìdajì. Mẹ́rin sórí ìwé kan máa sọ 12 di 6. Ẹ má fìyẹn fún ọmọ kà.

* * *

Alátùnṣe

Títẹ ẹ̀yìn àti iwájú, tí gbogbo èèyàn ń pariwo rẹ̀, ìwé nìkan ló ń dín kù, kì í fọwọ́ kan yíǹkì. Fún 480 lọ́dún, ìwé 240 lẹ máa ṣẹ́ kù, kò tó ìdajì ríìmù. Ó dáa, ẹ máa ṣe é, àmọ́ ẹ má torí rẹ̀ san owó ńlá lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí kò ní in, ẹ tẹ àwọn ojú ìwé 1, 3, 5 tán, ẹ dá ìwé padà sínú àpótí, ẹ wá tẹ 2, 4, 6. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé kan ṣoṣo dán an wò, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí igun rẹ̀ kí ẹ lè mọ apá tó ń kọjú sókè. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ti bàjẹ́ torí pé wọ́n dá a padà sí òdì.

Àwọn ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń dín yíǹkì kù ní tòótọ́ nìyí. Ẹ yan Draft fún gbogbo ohun tí kò ní jáde nílé. Lórí oníyíǹkì, “Grayscale” nìkan lè má tó: àwọn ẹ̀rọ kan ṣì ń po búlúù, pupa àti yẹ́lò mọ́ra láti fi ṣe àwọ̀ eérú. Bí ẹ bá rí “Black ink only”, òun ni kí ẹ mú. Ẹ sì wo irú ìwé tí ẹ yàn. Bí ẹ bá fi í sí Photo tàbí Glossy lórí ìwé lásán, ẹ̀rọ á da yíǹkì púpọ̀ sílẹ̀, ó sì lè fi àwọ̀ mẹ́ta ṣe dúdú, torí pé dúdú onípigment, èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun tó ń léfòó nínú omi, kì í gbé orí ìwé dídán dáadáa. Nǹkan kékeré ni, àmọ́ ó ń jẹ kátíríìjì àwọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ àwọ̀.

Tó bá jẹ́ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí Reader view kí ìpolówó àti àwòrán ẹ̀gbẹ́ lọ, ẹ yọ “Background graphics” kúrò, kí ẹ sì wo àwòrán ohun tó máa jáde kó tó jáde. Ojú ìwé ìkẹyìn sábà máa ń ní àdírẹ́sì nìkan lórí. Ẹ kọ “1-3” síbi Pages, ó parí.

* * *

Òǹbéèrè

Bí ẹnìkan bá ti ní oníyíǹkì nílé tẹ́lẹ̀ ńkọ́, tó sì ń jáde ní ìlà-ìlà funfun? Ṣé kó sọ ọ́ nù ni?

* * *

Alátùnṣe

Rárá o. Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù, torí pé ohun àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn ń ṣe ni pé kí wọ́n máa tẹ “Clean” léraléra. Ìfọ̀ kọ̀ọ̀kan ń mu yíǹkì, “Deep” tàbí “Power cleaning” sì ń mu ún bí ẹni mu omi.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ nozzle check, ìwé kékeré tó ń fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn. Yíǹkì tó ń lò kò tó nǹkan. Bí gbogbo ìlà bá pé, orí ẹ̀rọ kò dí. Ó lè jẹ́ pé Draft lẹ fi sí, tàbí pé orí náà kò tò déédéé, ẹ lọ sí “Alignment”. Bí ìlà bá já, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún nozzle check tẹ̀. Bí ó bá sàn díẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìfọ̀ kẹta tí kò yí padà, ẹ pa á, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó kéré tán wákàtí 12. Yíǹkì tuntun tó ti dé ibẹ̀ á rọ èyí tó gbẹ, afẹ́fẹ́ inú rọ́bà á sì gòkè. Ọ̀pọ̀ ló máa ń là lọ́jọ́ kejì láìsí ìfọ̀ míràn.

Ẹ tún mọ ibi tí orí ẹ̀rọ yín wà. Lórí kátíríìjì bíi HP 305, ara kátíríìjì ni orí wà, àwo kékeré aláwọ̀ bàbà yẹn. Bí ó bá dí, ẹ fi aṣọ tí kì í tú owú, tí ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ rin, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ má ha á. Bí ó bá kọ̀, kátíríìjì tuntun ti pààrọ̀ orí náà fún yín. Lórí Epson, inú ẹ̀rọ ni orí ń gbé. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, owó rẹ̀ lè tó owó ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí oní-Epson fi gbọ́dọ̀ máa tẹ nǹkan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ju oní-HP lọ.

Kí ló ń fa dídí? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bí a ṣe ń pa á ni. Bọ́tìnì ara ẹ̀rọ ni kí ẹ fi máa pa á, kì í ṣe ti ògiri. Nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, orí máa rìn lọ sí igun, ó máa jókòó lórí rọ́bà tó ń bò ó kí afẹ́fẹ́ má bàa gbẹ ẹ́. Bí iná ògiri bá kú lójijì nígbà tó ń tẹ̀wé, orí náà dúró sí gbangba. Ẹ tètè tún un tàn nígbà tí iná bá dé, kí ẹ fi bọ́tìnì pa á.

Ní ti fóòmù ìdọ̀tí: bí ìfọ̀ bá ti pọ̀ jù, ẹ̀rọ á ka iye rẹ̀, á ní fóòmù ti kún, á sì dá iṣẹ́ dúró. Lórí Canon, 5B00 ni ọ̀kan nínú àmì rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan ní àpótí ìdọ̀tí téèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀. Ẹ béèrè ìyẹn kí ẹ tó rà á. Ti àwọn yòókù ní láti dé ọ̀dọ̀ alátùnṣe. Kí ẹnikẹ́ni má kàn dá kíkà rẹ̀ padà sí òdo láìpààrọ̀ fóòmù, torí yíǹkì máa ṣàn sórí tábìlì.

* * *

Ọ̀dọ́-Ayàwòrán

Kátíríìjì tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ wá ńkọ́? Àwọn kan ní ó ń ba ẹ̀rọ jẹ́, àwọn kan ní ìyẹn ni ìgbàlà.

* * *

Akọ̀wé-Ilé

Ìhà méjèèjì ló ń sọ apá kan òtítọ́.

Ohun tó lè dí yín lọ́wọ́ ni ṣípù, ohun kékeré tó wà lára kátíríìjì tí ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, ọ̀pọ̀ pírìntà HP kọ kátíríìjì tí kì í ṣe ti HP lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ètò Dynamic Security tó wà nínú firmware wọn, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ láti inú. Ó ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n tà lábẹ́ HP+ ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, àkáǹtì, àti yíǹkì HP nìkan ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Lábẹ́ Instant Ink, ètò yíǹkì olówó oṣooṣù ti HP, iye ojú ìwé lẹ ń sanwó fún. Ọjọ́ tí ẹ bá jáwọ́, kátíríìjì tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, bó tilẹ̀ kún. Fún àwọn kan, ó rọjú, pàápàá tí wọ́n bá ń tẹ fọ́tò, torí ojú ìwé tó kún àti èyí tó ṣófo ń jẹ owó kan náà. Ẹ sáà mọ ohun tí ẹ ń fọwọ́ sí.

Ṣípù náà kì í sọ pé yíǹkì dára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, nígbà tí ṣípù wọ́n lágbàáyé, Canon fúnra wọn ní Jámánì fi tónà láìní ṣípù ránṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì kan, wọ́n sì kọ́ àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe máa kọjá ìkìlọ̀ tó ń jáde. Tónà náà ń tẹ̀wé. Ohun kan ṣoṣo tó sọnù ni kíka iye tó kù.

Ní ti òfin, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dájọ́ ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 2017, nínú ẹjọ́ Impression Products àti Lexmark, pé bí ilé iṣẹ́ bá ti ta kátíríìjì, ẹ̀tọ́ patent rẹ̀ (ẹ̀tọ́ ẹni tó hùmọ̀ nǹkan) lórí kátíríìjì yẹn ti tán. Ẹlòmíràn lè tún un kún kó sì tà á.

* * *

Alátùnṣe

Ìmọ̀ràn mi: lórí lésà dúdú, ẹ lo tónà ilé iṣẹ́ míràn tí orúkọ ẹ̀rọ yín wà lára rẹ̀ gan-an, ewu rẹ̀ kéré. Èyí tó burú jù tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni àbàwọ́n aláwọ̀ eérú lórí ìwé tàbí tónà tó ń jò sínú ẹ̀rọ. Bí tónà bá dà, omi tútù ni kí ẹ fi fọ ọwọ́ àti aṣọ. Omi gbígbóná á mú un lẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìfagbálẹ̀ ilé fà á, ó kúnná tó bẹ́ẹ̀ tó máa gba inú àsẹ́ rẹ̀ kọjá padà sínú yàrá.

Lórí oníyíǹkì, mo ń ṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dye ti yọ́ pátápátá sínú omi, pigment jẹ́ ìyẹ̀fun tó ń léfòó nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Canon àti HP, dúdú jẹ́ pigment, àwọ̀ jẹ́ dye. Bí ẹ bá da pigment síbi tí ihò wà fún dye, ó lè dí i títí ayé. Ìgò tí wọ́n kàn kọ “fún gbogbo pírìntà” sí lára, ẹ má rà á. Ẹni tó bá sì ń fi abẹ́rẹ́ kún kátíríìjì HP tàbí Canon kékeré, kó kún un kí ó tó gbẹ pátápátá. Ooru ni wọ́n fi ń ta yíǹkì jáde. Bí yíǹkì kò bá sí níbẹ̀, ooru yẹn á jó orí náà.

Ìkìlọ̀ “Low” kì í ṣe “tán”. Lórí lésà, ẹ yọ tónà, ẹ mì í rọra láti ọ̀tún sósì nígbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ dá a padà. Ó ṣì máa tẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ má fi ọwọ́ kan ojú dúrọ́ọ̀mù, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Brother, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Continue Mode tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ máa tẹ̀ lọ lẹ́yìn tó bá ti ní kí ẹ pààrọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí lẹ́tà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá.

* * *

Olùkọ́-Ìṣirò

Kí a má gbàgbé ìwé. Ríìmù tí wọ́n kọ 80 g/m² sí, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. A4 kan jẹ́ gíráàmù 5, 500 jẹ́ kílò 2.5. Bí ó bá jẹ́ 2.2, 70 g/m² lẹ rà. Bó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yálà ìwé náà tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí kò pé 500. Ìwé 70 kò burú fún lésà dúdú, àmọ́ lẹ́tà iwájú á máa hàn lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ ẹ̀yìn-òun-iwájú.

Ẹ jẹ́ kí ríìmù wà nínú ọ̀rá rẹ̀ títí tí ẹ ó fi lò ó. Ìwé tó ti fa ọ̀rinrin á ká nínú ooru fuser, á há. Ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì funfun dára fún iṣẹ́ ilé, bí ẹ bá ti yọ gbogbo pín-ìn-nì ìwé kúrò. Ìwé fọ́tò dídán tí wọ́n ṣe fún oníyíǹkì kò gbọ́dọ̀ wọ inú lésà láéláé: ojú rẹ̀ á yọ́ mọ́ fuser.

* * *

Òǹbéèrè

Ó ti yé mi. Lésà dúdú, kí àwọ̀ máa lọ síta. Kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí n tó sanwó?

* * *

Alátùnṣe

Ẹ bi í ní èyí: eélòó ni tónà rẹ̀, ojú ìwé mélòó ló ń tẹ̀, ṣé dúrọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀ tàbí lọ́tọ̀? Ojú ìwé mélòó ni tónà tó bá a wá lè tẹ̀? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wáyà USB láìsí àkáǹtì àti láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Ṣé tónà ilé iṣẹ́ míràn wà fún un lọ́jà? Bí kò bá lè dáhùn ti wáyà USB, ẹ ní kó ṣí i níwájú yín, kó fi wáyà tẹ ojú ìwé kan.

Bí ẹ bá sì ka ohun tí ẹ ń tẹ̀ fún oṣù méjì kí ẹ tó lọ, tí ẹ rí i pé kò tó 10 lóṣù, ẹ má ra ohunkóhun. Inú fóònù ni kí ẹ gbé fáìlì náà, ẹ fi sí PDF kí ìlà rẹ̀ má bàa yí padà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kí ẹ sì lọ tẹ̀ ẹ́ níta.